Jẹ́ Kí Omi Sùn Nínú Páìpù

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Ìyá àgbà mi,

Mo kí yín, mo kí orúnkún yín, mo sì kí Akọ̀wé aládùúgbò wa tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n má fo ibi kankan.

Ilẹ̀ tí mo sọ fún yín ti di tèmi. Ó wà lẹ́yìn ìlú, igi ló yí i ká. Ilé onípákó kékeré ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ́ síbẹ̀, ní Sátidé àti Sọ́ńdè tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná, balùwẹ̀ méjì. Ilẹ̀ ilé náà yóò jẹ́ kọ̀ǹkéré. Páìpù omi ìdọ̀tí yóò gba abẹ́ kọ̀ǹkéré yẹn jáde lọ sí kòtò ẹ̀gbin lẹ́yìnkùlé. Omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà mo ti gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Páìpù abẹ́ ilẹ̀ yìí ló ń dà mí láàmú. Púlọ́ńbà ni bàbá àgbà, ẹ̀yin lẹ sì máa ń bá wọn di ìdí okùn mú. Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó? Ìwé tí mo rà kún fún àwòrán, bí mo bá sì ti pa á dé, gbogbo rẹ̀ ti jáde lórí mi.

Ìyàwó mi kí yín. Ọmọ wa obìnrin ti pé ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tí kì í bu omi sí. Yàrá kẹta, tiyín ni. Kò ní àtẹ̀gùn kankan, balùwẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ibùsùn. Ẹ máa palẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Ọkọ mi,

Mo gbọ́. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fo ibi tí o ti ní kó má fo ibi kankan. Ìgbà tí mo bi í ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín ló tó kà á.

Mo wà láàyè. Etí ọ̀tún ti dákẹ́ pátá, ti òsì ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ bá a lọ. Má tún fi ránṣẹ́ pé kí n wá gbọ́ ohùn rẹ lórí tẹlifóònù pósọ́fíìsì. Ìgbà tí mo lọ, bí eṣinṣin inú agolo lò ń dún.

Yàrá tó o ní o fún mi, fi í sílẹ̀ ná. Ẹni tí kò tíì da ilẹ̀ ilé kì í pín yàrá.

Gbọ́ bí bàbá àgbà rẹ ṣe ń ṣe é. Fi èèkàn àti okùn ya ilé náà sórí ilẹ̀ bó ṣe máa rí, kó o sì máa rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Jókòó síbi tí àga ìgbọ̀nsẹ̀ máa wà. Ìyàwó rẹ lè fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, jókòó. Bí orúnkún rẹ bá kan okùn, sún okùn. Bí kọ̀ǹkéré bá ti gan, kò sí ohun tó ń sún mọ́.

Ìgbọ̀nsẹ̀ ni kó sún mọ́ ọ̀nà àbájáde jù, nítorí òun ló ru ẹrù tó wúwo. Kí páìpù máa dagẹ̀rẹ̀ ní ìnípọn àtàńpàkò kan fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá dagẹ̀rẹ̀ jù, omi á sáré lọ, á fi ohun tó yẹ kó gbé sílẹ̀. Bó bá tẹ́ jù, gbogbo wọn á jọ jókòó. Bàbá àgbà rẹ máa ń sọ pé omi àti ẹ̀gbin dà bí tọkọtaya tó ń ti ọjà bọ̀, kí ẹnìkan má ṣe yára fi ẹnìkejì sílẹ̀ lọ́nà. Má jẹ́ kí páìpù yí orí lójijì. Ìtẹ̀ méjì tó rọra ni kó o fi rọ́pò ọ̀kan tó ṣẹ́. Iyanrìn ni kó sùn lé, kì í ṣe òkúta. Kí páìpù kan dúró gòkè kọjá òrùlé, kí àwọn tó kù lè máa mí. Páìpù tí kò rí èémí mí á máa ké gbọ̀ngbọ̀n nínú ògiri bí ọ̀bùn tó yó.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Bó o bá ti so gbogbo oríkèé tán, dí ẹnu ìsàlẹ̀, bu omi kún un dé òkè, fi àmì sí ibi tó dé, kó o sì jẹ́ kí omi náà sùn nínú páìpù. Bó bá jí níbi tó sùn sí, da kọ̀ǹkéré. Bí kò bá jí níbẹ̀, má dà á.

Kí ìyàwó rẹ. Má jẹ́ kí ọmọ yẹn sún mọ́ ẹnu kòtò.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ìyá àgbà mi,

Mo dúpẹ́ gan-an. Mo jókòó síbi ìgbọ̀nsẹ̀, nínú okùn, lórí korobá tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ṣùgbọ́n orúnkún mi kan okùn lóòótọ́, mo sì sún un.

Mo ti gbẹ́ kòtò páìpù tán. Ọwọ́ mi ti bó. Àtàńpàkò mi ni mo fi ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo fi lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà yẹ̀ ẹ́ wò, kò yàtọ̀ sí ohun tí ìwé sọ. Páìpù yàrá yín ni mo kọ́kọ́ tò.

Ọkọ̀ kọ̀ǹkéré ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án. Bí ó bá kọjá ọjọ́ yẹn, òjò ńlá ti ibí ti dé, ọkọ̀ kò sì ní lè gba ọ̀nà ẹrẹ̀ wọlé títí di ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà mi ò rò pé n ó lè fi omi dán páìpù wò. Mo ní láti gbé omi wá láti kànga ní korobá korobá, kí n dúró, kí n tún fa gbogbo rẹ̀ jáde, mo sì ṣì ní iyanrìn láti dà àti irin láti hun. Ilé kékeré báyìí, wolé-wolé ibí kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń so páìpù báyìí, bí ó bá ti dì, òòlù ló lè yà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ọkọ mi,

Orúnkún ń dùn mí, inú sì ń bí mi, nítorí náà n ó ṣe é ní kúkúrú.

O béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́, mo sọ fún ọ. O mú èyí tó wù ọ́, o fi èyí tí kò wù ọ́ sílẹ̀. Bí o ṣe ń ṣe sí oúnjẹ nìyẹn nígbà tí o wà ní kékeré, mo sì nà ọ́ nítorí rẹ̀.

O ní gọ́ọ̀mù dára. Ta ló ń bú gọ́ọ̀mù? Ọwọ́ tó ń fi gọ́ọ̀mù sí i ni mo ń bá wí. O ní wolé-wolé kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Wolé-wolé kọ́ ló máa mu omi kànga rẹ.

Akọ̀wé ní kí n fi ọ̀rọ̀ rere kún un, pé ìwé yìí ti le jù. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe le. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ní kí n bá òun kí ọmọ rẹ.

Jẹ́ kí omi sùn nínú páìpù. Fèsì, kí n mọ̀.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ

Ìyá àgbà mi,

Mo kí yín. Mo kí Akọ̀wé, ọmọ mi náà ní kí n kí bàbá tó ń kọ̀wé.

Ó rẹ̀ mí. Mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí Mọ́ńdè dé Furáídé nílé ìkẹ́rùsí, mo tún ń fi ọjọ́ ìsinmi gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ bú mi bí ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn. Omi ìdọ̀tí lásán ni, Ìyá àgbà. Bí ẹ bá ní ìdí kan tó ju pé bàbá àgbà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ sọ ìdí kan ṣoṣo, n ó ṣe é. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí n da ilẹ̀ mi.

Ìyá mi ìbá wà láyé, wọn ì bá ti bá mi bẹ̀ yín.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ọkọ mi,

Mi ò kí ọ lónìí.

O ní kí n sọ ìdí kan ṣoṣo. Ó ti pẹ́ tí ìdí náà ti wà lẹ́nu mi. Ohun tí kò jẹ́ n sọ ọ́ ni pé mi ò mọ̀wé. Ẹni tó mọ̀wé lè kọ àṣírí rẹ̀ sínú àpòòwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa. Èmi, etí ẹlòmíràn ni n ó kọ́kọ́ sọ ọ́ sí. Ẹnì kan ṣoṣo tó sì ń kọ̀wé fún mi ni ẹni tí mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ láyé. Akọ̀wé, má dúró. Ohun tí mo bá sọ ni kó o kọ.

Ibà kọ́ ló pa ìyá rẹ.

Nígbà tí a ń kọ́ ilé yìí, bàbá àgbà rẹ to páìpù amọ̀ sábẹ́ yàrá ẹ̀yìn. Ó fẹ́ kí omi sùn nínú wọn kó tó bò wọ́n. Òjò ti ṣú. Bíríkìlà méjì àti lébìrà mẹ́fà ti gbé ṣọ́bìrì dání, èmi ni mo sì ń se oúnjẹ fún wọn láti òwúrọ̀, ẹ̀yìn ń ro mí. Mo fẹ́ kí wọ́n parí, kí wọ́n máa lọ. Mo jáde, mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo ní, “Púlọ́ńbà tó bá mọṣẹ́ kì í bẹ omi pé kó wá jẹ́rìí òun.”

Àwọn lébìrà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tún un sọ. Bàbá àgbà rẹ wò mí. Ó ní kí wọ́n dà á.

Kànga kan ló wà láàárín ilé wa àti ilé Akọ̀wé, ilé méjèèjì ló ń mu ún. Ní ọdún kẹfà lẹ́yìn náà, ìyá rẹ wá bí ọ sọ́dọ̀ wa. O kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìgbẹ́ gbuuru mú un. Ní ọjọ́ kẹrin ó kú. Ìyàwó Akọ̀wé kú ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Ìwọ kò ṣàìsàn rárá. Ọmú lò ń mu, o kò tíì tọ́ omi kànga wò.

Àdúgbò ní àìsàn tó ń jà nígbà náà ni. Bàbá àgbà rẹ kò gbà. Nígbà tí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn lọ tán, ó fọ́ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, ó pè mí. Oríkèé kan ti ṣí, ìka mẹ́ta lè wọ ẹnu rẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn, dídúdú náà sì lọ tààrà sí apá ibi tí kànga wà. Kò bú mi. Ó ní, “Ìwọ náà wò ó.” Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ lọ́dún yẹn kò tó ogún.

Ó tún oríkèé náà ṣe, ó dí ilẹ̀ padà. Ó wá sọ fún àdúgbò pé ògiri kànga ń ya, pé ó lè gbé ọmọdé mì, kí a dí i. Akọ̀wé bá wa ru iyanrìn. Akọ̀wé, agbọ̀n mélòó lo rù? Kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní òun kò kà á.

Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti ń lọ pọnmi lórí òkè. Ọgbọ̀n ọdún. Orúnkún tó ń dùn mí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ti Akọ̀wé náà.

Akọ̀wé gbé kálámù sílẹ̀ níbí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún títí. Mo ní kó gbé kálámù. Ó ti gbé e.

O ní ọmọ ọdún mẹ́ta. O ní kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ìdí tí o béèrè nìyẹn.

Èmi ni.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Ọkọ mi,

Ọwọ́ aránṣọ ìkángun òpópónà ni mo fi kọ èyí. Ó yára, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, nítorí náà mi ò ní sọ púpọ̀.

Mo sọ lẹ́tà kan fún Akọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ká a, ó fi í sápò àyà rẹ̀, ó dìde. Kò sọ pé ó dàárọ̀. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Bó bá ń lọ pọnmi, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà. Mi ò mọ̀ bóyá ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ tàbí ó fi dáná. Bó bá fi dáná, n kò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ kò ṣẹ̀ ẹ́.

Aránṣọ ń bi mí ohun tó da àárín wa rú. Mo ní adìyẹ ni.

Bí lẹ́tà yẹn bá dé, o ti mọ ìdí. Bí kò bá dé, ṣe ohun tí mo ní kó o ṣe láìmọ ìdí. Mi ò lè tún un sọ.

Èmi ni.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án

Ìyá àgbà,

Ẹni yòówù tó bá ń ka èyí, kó kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ kọ̀ǹkéré wá. Inú kòtò ni mo ti kà á, nítorí ibẹ̀ ni ìyàwó mi bá mi sí. Nígbà tí mo kà á tán, mo jáde nínú kòtò. Mo gbé korobá. Mo bu omi kún páìpù dé ẹnu, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì.

Ní òwúrọ̀, omi ti sọ̀kalẹ̀ ní ìbú ọwọ́ kan.

Mo hú iyanrìn kúrò lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹfà ni. Abẹ́ balùwẹ̀ wa ló wà, ní apá kànga. Mo ti ki páìpù méjèèjì bọ ara wọn láti wò ó bóyá wọ́n bára mu, kí n tó yọ wọ́n, kí n fi gọ́ọ̀mù sí i. Ọmọ mi pè mí pé kí n wá wo alángbá. Mo lọ. Nígbà tí mo dé, mo bọ́ sórí èyí tó kàn. Kò sí gọ́ọ̀mù lára rẹ̀ rárá, ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwọn tó kù.

Mo ti fi gọ́ọ̀mù so ó báyìí, mo sì dá ọkọ̀ padà. Òjò kò tíì le, onímọ́tò ní òun lè gbìyànjú ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀.

Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo gbìyànjú láti kọ ọ́, ọwọ́ mi kò kọ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi sọ fún mi pé ibà ni. Gbogbo ìgbà tí ara ọmọ mi bá gbóná, mo máa ń jókòó tì í, tí n ó máa rò pé ibà tó pa ìyá mi ló wá a wá. Ohun tí kò sí lẹ fi dẹ́rù bà mí ní gbogbo ayé mi, ẹ sì mọ̀.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ìyá mi mọ̀ pé omi ni?

Mo ti fi rọ́bà pa yàrá kẹta rẹ́ nínú àwòrán. Mi ò mọ̀ bóyá n ó tún yà á. N ó gé páìpù tó lọ síbẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ tó dé.

Nípa Akọ̀wé, tí aránṣọ bá yín kọ̀wé lé lórí: òǹtẹ̀ tó wà lára àpòòwé lẹ́tà tó kọ, ọjọ́ tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni, àmì lẹ́tà kíákíá sì wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́ lọ́nà. Ó ní láti jẹ́ pé bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ yín, pósọ́fíìsì ló lọ tààrà. Lẹ́yìn ìwé, ó kọ ìlà kan tí ẹ̀yin kò sọ. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi tí mo kọ ọ́ náà bẹ̀ ọ́, dán an wò.”

Mo fi ìwé náà pamọ́ sílẹ̀ fún ọmọ mi.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

Ọkọ mi,

Aránṣọ ló ka lẹ́tà rẹ. Ó ń sunkún, mo ní kó má jẹ́ kí omijé kán sórí ìwé. Àdúgbò ti gbọ́ báyìí. Kí wọ́n gbọ́.

Mo mú lẹ́tà náà, mo lọ kan ilẹ̀kùn Akọ̀wé. Ó ṣí i. Ó kà á lórí ìdúró, títí kan ibi tó ti kan òun, ó dá a padà fún mi, ó ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹta ó wá pẹ̀lú òòlù àti irin. Kò kí mi. Ó ní, “Mo fẹ́ rí i.”

Mo fi ibẹ̀ hàn án. Ó fọ́ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Ó dé ibi oríkèé náà. Sìmẹ́ǹtì tí bàbá àgbà rẹ fi dí i kò mì, àmì ìka rẹ̀ mẹ́rin ṣì wà lára rẹ̀ bí ìgbà tó fi tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó wò ó. Mo dúró. Bó bá fẹ́ gbá mi, mo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fún òun lómi mu. Mo fún un. Ó mu ún tán, ó ní kí n mú ìwé wá.

Òun ló ń kọ èyí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè rẹ: ìyá rẹ kò mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta àìsàn náà, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ní kí n bu omi tútù fún òun. Ọwọ́ mi ni mo fi bù ú láti inú kànga yẹn. Ó ní ó dára. Mo tún bu òmíràn. Èmi náà kò mọ̀ nígbà yẹn. O béèrè, mo sì ti dá ọ lóhùn.

Mi ò ní kó o dárí jì mí. Bí mo bá ní kó o ṣe é, iṣẹ́ ni mo tún fi kún iṣẹ́ rẹ.

Oríkèé tí o tún ṣe, má gbà á gbọ́. Dí ẹnu ìsàlẹ̀, bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, kó tún sùn. Bó ti wù kí onímọ́tò bínú tó, kó dúró.

Yàrá tó o pa rẹ́, o ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n má gé páìpù rẹ̀. Fi ìdérí dí ẹnu rẹ̀, fi gọ́ọ̀mù sí i dáadáa, kó o sàmì sára ògiri níbi tó wà. Èyí tí o bá gé, kọ̀ǹkéré á bò ó, kò sí ẹni tó máa rí i mọ́. Èyí tí o dí, bó bá di ọjọ́ kan tí ẹnìkan fẹ́ lò ó, yóò ṣí i. Kò pọn dandan kó jẹ́ èmi.

Ihò yàrá ẹ̀yìn ṣì wà ní ṣíṣí. Akọ̀wé kò ní kí n dí i, èmi náà kò sì tíì dí i. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi ibùsùn mi.

Bí o kò bá ní ohun mìíràn bá mi sọ, kọ ibi tí omi jí sí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni.